Wọ́ọ̀tì kọ́ ló yẹ kó ṣáájú

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ará ilé ńkọ́? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní kí n sọ iye wọ́ọ̀tì, ìyẹn agbára ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, tí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ máa rà fún rédíò àdúgbò yín. Màá dé ibẹ̀, àmọ́ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe.

Rédíò ńlá á sọ pé òjò máa pọ̀. Tiyín ló máa sọ pé odò ti bo afárá, ọ̀nà òkè ni kí wọ́n gbà. Bí iná bá lọ, tí fóònù ò sì wọlé mọ́, rédíò kékeré tó ń lo bátìrì ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ìkéde ni kí ẹ mú ní òkúnkúndùn. Bí ọmọ bá sọnù, ẹ sọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, aṣọ tó wọ̀, ibi tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn àti aago tó lù, àti ibi tí wọ́n máa mú un wá. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Ẹni tó ń wá bírò ò ní gbọ́ ti àkọ́kọ́ tán. Bí wọ́n bá ti rí i, ẹ kéde ìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gbàgbé, àwọn èèyàn á sì máa wá ọmọ tó ti délé. Ní ti ìkéde òkú, ẹ má gba ti orí fóònù rárá: kí ẹbí wá fúnra wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí ẹ bá kéde ẹni tó wà láàyè, ta ló tún máa gbà yín gbọ́ lọ́jọ́ tí odò bá kún?

Ó wá kan wọ́ọ̀tì. Ìgbì FM ń rìn bí ojú ṣe ń ríran ni. Òkè àti ilé gíga ń dí i. Bí ẹ bá sọ wọ́ọ̀tì 50 di 100, agbára ìgbì tó ń dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́ ò ní ju ìlọ́po 1.4 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé antẹ́nà láti mítà 10 sí 30 lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ibi tó lè dé á kúrò ní nǹkan bíi kìlómítà 13, á di 22. Òpó ni kí ẹ náwó lé. Ẹ gba ìwé àṣẹ àti nọ́ńbà ìkànnì kí ẹ tó ra antẹ́nà, torí nọ́ńbà yẹn ló ń pinnu gígùn antẹ́nà: ní ìkànnì 100 MHz, antẹ́nà olápá méjì gùn tó mítà 1.4.

Ẹ má tan ẹ̀rọ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ láìso antẹ́nà mọ́ ọn, agbára tí kò ríbi gbà á padà wá jó o. Omi òjò tó wọ ojú ìsopọ̀ wáyà náà ń fà á. Ẹ fi téèpù tí omi kì í wọ̀ wé ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wáyà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí omi lè kán síta. Bí wọ́ọ̀tì 100 bá ń lọ sórí antẹ́nà, tí èyí tó ń padà sínú ẹ̀rọ sì ju 4 lọ, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ yẹ wáyà wò.

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pe rédíò, àmọ́ tiyín gbọ́dọ̀ máa gbèsì. Bí ará àdúgbò bá ní ẹ̀rọ omi bàjẹ́, ẹ pe ẹni tó wà nídìí rẹ̀ sórí ètò kan náà. Bí kò bá gbé fóònù, ẹ sọ aago tí ẹ pè é.

Wọn gíga òkè tí ẹ fẹ́ ri òpó sí, kí o sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ