Ẹ Má Tì Wá Mọ́lé Nítorí Òṣùpá Fẹ́ Bo Oòrùn, Pápá La Ní Kẹ́ ẹ Fún Wa

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé e síta. Lọ́sẹ̀ yìí làwa mélòó kan láti àdúgbò wa ní Kúbwà l'Abuja, Yorùbá, Hausa, Gbagyi, gbogbo wa la jọ lọ, a lọ tọrọ pápá ilé ìwé kan lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ, pé tó bá di 2 August 2027 tí òṣùpá máa bo oòrùn, a fẹ́ kó àwọn ọmọ wa síbẹ̀ ká jọ wò ó, kí àgbàlagbà lè máa ṣọ́ wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá tó jókòó síbẹ̀ sọ: ká lọ jókòó sílé, ká ti ilẹ̀kùn, ká fa kọ́tìnnì. Ìgbà tá ò tètè dìde ló wá ní tá a bá fẹ́ pápá dandan, pámíìtì wà, owó sì wà nídìí ẹ̀. Ká ti ilẹ̀kùn! Pápá yìí kan náà, tó bá jẹ́ olóṣèlú ló fẹ́ fi ṣe ìpàdé, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti ṣí i, wọ́n á tún bá wọn to àga.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé tìmọ́lé yìí ò ṣiṣẹ́ rí. Mo wà ní Nyanya, l'Abuja níbí náà, ní 29 March 2006, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka èèyàn tán lọ́sẹ̀ yẹn ni, tí ọ̀sán dòru pátápátá fáwọn apá kan ní ìwọ̀ oòrùn àríwá orílẹ̀-èdè yìí, tó sì ku díẹ̀ kí oòrùn tiwa náà bò tán. Àwọn òbí ti àwọn ọmọ mọ́lé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ wo ló dúró síbẹ̀? Ojú fèrèsé àti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà. Ọmọkùnrin kan nínú kọ́mpáùndì wa mú fíìmù X-ray àyà bàbá ẹ̀, egungun ìhà ṣì hàn kedere lára ẹ̀, ó gbé e sójú, ó ń wo oòrùn, inú ẹ̀ dùn, kò sóhun tó dùn ún rárá. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, nǹkan dúdú kan wà láàárín ìríran ẹ̀, tó bá kọjú sí ẹ, ó rí etí ẹ méjèèjì, kò rí imú. Ẹ jẹ́ kó yé yín, ibi tí oòrùn ti ń jó ojú nínú lọ́hùn-ún kì í ro èèyàn, ẹ ò ní mọ̀ títí á fi bàjẹ́. Àwọn àgbà tó ń wò ó nínú omi báàsì lọ́jọ́ náà, ewu kan náà ni.

Wọ́n á ní tiwa l'Abuja ò tiẹ̀ tó nǹkan. Òótọ́ ni, Luxor ní Íjíbítì ló máa ṣókùnkùn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú 6, níbí yìí òṣùpá kàn máa bù díẹ̀ lára oòrùn ni, àwọn ará Kano àti Sokoto á rí ju tiwa lọ. Ìyẹn gan-an ló fi léwu! Níwọ̀n ìgbà tí oòrùn ò ní bò tán, kò sí ìṣẹ́jú àáyá kan tẹ́nikẹ́ni lè fi ojú lásán wò ó. Ọjọ́ Monday sì ni, àárọ̀, àkókò hólídè, àwọn ọmọ á wà nígboro láìsí tíṣà kankan lẹ́yìn wọn. Ẹ wá ní ká ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò ná ìjọba ní kọ́bọ̀: páálí. Ẹ mú páálí Indomie tó gùn díẹ̀, ẹ gé ojú kékeré sí orí ẹ̀ kan, ẹ fi fọ́ìlì bo ojú yẹn kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo sí i, ihò yẹn gbọ́dọ̀ rí roboto. Ẹ lẹ bébà funfun mọ́ inú páálí lódìkejì, kẹ́ ẹ wá gé ibi tí ojú máa gbà wo bébà náà sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ á kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á gba èjìká ẹ̀ kọjá wọnú ihò, oòrùn kékeré kan á wá hàn lórí bébà, tòun ti ibi tí òṣùpá ti bù ú. Bí páálí bá ṣe gùn tó ni oòrùn yẹn á ṣe tóbi tó. Kò ní gba inú ihò wo oòrùn o, bébà ló ń wò! Ajere tí wọ́n fi ń sẹ́ ìrẹsì náà dáa, ẹ nà án sí oòrùn kẹ́ ẹ wo òjìji ẹ̀ nílẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan á gbé oòrùn tiẹ̀ jáde. Abẹ́ dóńgóyárò tó wà ní pápá yẹn á kún fún un, torí àlàfo àárín ewé ẹ̀ náà á ṣe bí ihò.

Tí ìjọba bá wá fẹ́ náwó, awò wíwo oòrùn tí wọ́n kọ ISO 12312-2 sí lára, ìyẹn àmì ìlànà àgbáyé fún irú awò bẹ́ẹ̀, ni kí wọ́n rà fún àwọn ilé ìwé. Sànglásì ò ṣe é lò, kódà kẹ́ ẹ wọ mẹ́ta léra wọn. Gíláàsì wẹ́dà, ẹ wo nọ́ńbà tó wà létí ẹ̀, 14 ni kẹ́ ẹ wá, 10 àti 11 tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà wa ò tó. Ìmáàmù àdúgbò wa ti ní àwọn á kí ìrun ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn níbẹ̀ tí wọ́n bá fún wa láyè. Òjò August lè dí wa lọ́wọ́ o, ìyẹn kọ́ ni ká má múra.

Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ fún wa ní pápá láìgba owó, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn tíṣà kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń ṣe páálí yìí kí wọ́n tó gba hólídè táàmù kẹta.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì,
Kúbwà, Abuja.