Ikán kọ́lé, wọ́n wò ó kọ́ṣẹ́

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa àwọn ilé onígíláàsì Victoria Island, ẹ yìn wọ́n gan-an, àmọ́ ẹ ò dárúkọ ooru. Èmi ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kan, fèrèsé ẹ̀ ò ṣeé ṣí, tí NEPA bá ti mú iná, kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn a ti làágùn pátápátá, ọ̀gá wa á tú táì á máa fi fáìlì fẹ́ ara ẹ̀.

Ẹ wo Eastgate, ilé ńlá kan tó wà láàárín ìlú Harare, ní Zimbabwe. Mick Pearce ló ya àwòrán ẹ̀, 1996 ni wọ́n ṣí i, òkìtì ọ̀gán ló wò kọ́ṣẹ́, àní ilé ikán! Ọ́fíìsì lókè, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, kò sí éèsì ńlá tí gbogbo wa mọ̀ yẹn. Lóru fáànù á fa atẹ́gùn tútù gba abẹ́ ilẹ̀ kọnkéré kọjá, kọnkéré á tutù nini, òtútù yẹn náà ni wọ́n á máa jẹ lọ́sàn-án, ooru á wá gba àwọn ihò orí òrùlé jáde.

Mo mọ̀ pé orí òkè ni Harare wà, òru wọn máa ń tutù, tiwa l'Ékòó ooru lásán ni, torí náà n ò ní ká dà á kọ. Àmọ́ fèrèsé tó ṣeé ṣí àti ibòòji díẹ̀ lára ògiri, ṣé ìyẹn náà le ni? Ẹ bá wa bi àwọn ayàwòrán ilé léèrè.

Òǹkàwé yín, Súrùlérè