Lẹ́tà sí Bọ̀dá Láńre ní Guangzhou, Ṣáínà

Bọ̀dá mi,

Mo rí fọ́tò Àbẹ̀kẹ́ tí ẹ jù sórí WhatsApp ẹbí lálẹ́ àná. Háà, ọmọ yẹn ti dàgbà o! Ó mú lẹ́tà yunifásítì pupa yẹn dání, ó ń rẹ́rìn-ín, èjí Màmá ló wà lẹ́nu ẹ̀ gbangba, ẹni tó bá ní kì í ṣe ọmọ wa kó wá bá èjí yẹn jà. Gaokao yẹn, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì níbẹ̀, kì í ṣe eré rárá, mo rántí bí àwọn ọmọ ilé yín ṣe máa ń kàwé mọ́jú, tó bá ti di ọjọ́ keje June ọlọ́pàá á máa dá mọ́tò dúró kí wọ́n má fọn fèrè nítòsí ibi ìdánwò. Torí náà ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kó kà á já. Màmá ti jó tán, Àǹtí Bùsọ́lá ti fi sitíkà kún gbogbo ibẹ̀, èmi nìkan ni mi ò kọ nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé ẹ rí i pé mo ti kà á.

Kì í ṣe pé inú mi ò dùn. Mo fẹ fọ́tò yẹn kó tóbi kí n lè wo ọmọ dáadáa ni, mo wá rí ibi tó dúró sí. Iwájú géètì ẹ̀sítéètì yín ni. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Màmá Kọ́lá bi mí pé ta ló kú.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi, torí tí mo bá gbé e kalẹ̀ lórí fóònù ẹ máa ń ní "àbúrò, jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná", ká tó ṣẹ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.

Ẹ̀yin lẹ mú mi dé ìlú yẹn, ọdún tí wọ́n ṣe Olympics ní Beijing, ẹ̀yin lẹ wá pàdé mi ní éápọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ gba báàgì lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí mo ṣì wà ní pámárì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi kakulétọ̀ nájà ní Canaan Market ní Sanyuanli, Ṣáínà á tẹ iye tiẹ̀, màá pa á rẹ́ màá tẹ tèmi, á pariwo, màá ṣe bí ẹni ń lọ, á pè mí padà. Ẹ mú mi lọ sí ilé ọjà gogoro Tianxiu ní Xiaobei, níbi tẹ́ ẹ ti máa gbọ́ Bàm̀bárá, Ígbò, Lárúbáwá àti Yorùbá kí lífítì tó dé òkè. Ẹ mọ ìyá Ìjẹ̀bú tó ń se ẹ̀bà ní bòókẹ́lẹ́ nínú yàrá ẹ̀, ẹ mọ ẹni tó lè bá wa pín kọ̀nténà, ẹ mọ títì tí ọlọ́pàá máa ń dúró sí láti yẹ físà wò. Tí àwọn èèyàn bá dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa nínú mẹ́tírò, tí wọ́n fọwọ́ bo imú, ẹ̀yin lẹ máa ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ tẹ́ ẹ máa sọ pé "wọ́n ti fún wa ní fáàsìtì kíláàsì." A máa rẹ́rìn-ín títí tá a fi máa dé ilé.

July 2009 náà ńkọ́, ọjọ́ tí ọmọ Nàìjíríà yẹn bẹ́ láti ojú fèrèsé nígbà tí ọlọ́pàá wá yẹ físà wò, tí àwọn èèyàn gbé e lọ síwájú àgọ́ ọlọ́pàá tí gbogbo títì dí pa. Èmi náà ti ń sáré lọ, ẹ̀yin lẹ di kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi mú, ẹ ní "ìyá wa ò rán ẹ wá kú síbí." Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ ní June 2012, ti ọmọ wa tó jà lórí owó ọ̀kadà oníbátìrì tó sì kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá, ẹ tilẹ̀kùn mọ́ mi nínú ilé yín, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo bínú sí yín nígbà yẹn, ìyẹn ti kúrò lọ́kàn mi tipẹ́, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni.

Ẹ rántí bàbá ará Gánà oníkágò yẹn, tó kàwé ní Nanjing? Òun ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ó ní December 24, 1988, ẹnu géètì Yunifásítì Hohai ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà mú obìnrin Ṣáínà bọ̀ wá síbi pátì Kérésìmesì, mẹgáàdì ní àfi kí wọ́n kọ orúkọ àwọn obìnrin yẹn sílẹ̀, ìjà dé. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ wọ́n ti ń sọ káàkiri ìlú pé adúláwọ̀ pa ará Ṣáínà, irọ́ sì ni o, kò sẹ́ni tó kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tú síta, wọ́n ń pariwo pé kí wọ́n pa àwọn èṣù dúdú, àwọn ọmọ wa sá lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè kí ọlọ́pàá tó kó wọn kúrò nílùú. Bàbá yẹn sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìtàn ìjàpá, ẹ̀yin náà sọ pé ayé àtijọ́ nìyẹn, Ṣáínà ti lajú. Èmi gbà yín gbọ́ torí ẹ̀yin lẹ fẹ́ ọmọ wọn.

Ìyàwó yín mọ̀ jù yín lọ, ẹ má bínú. Òun ló sọ fún mi nípa Lou Jing, ọmọ tó dàgbà sí Shanghai tó wá kọrin lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2009, ìyá ẹ̀ Ṣáínà, bàbá ẹ̀ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì wọn dìde sí pé kì í ṣe ọmọ ìlú. Wọ́n bú ọmọ, wọ́n wá bú ìyá ju ọmọ lọ. Àbẹ̀kẹ́ ò tíì ju ọmọ tó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ lọ nígbà yẹn, ìyàwó yín ní òun pa kọ̀ǹpútà òun ó wá ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Ṣé ó sọ ìyẹn fún yín rí?

Alẹ́ ọdún wọn ní February 2018, ilé yín la wà. Àna yín ọkùnrin tó kọ̀ tí kò wá síbi ìgbéyàwó náà wà níbẹ̀, ọmọ ti mú un rọ̀. À ń jẹ dumpling, CCTV, tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, ń ṣe eré ọdún tí gbogbo ìlú ń wò, ni wọ́n bá gbé eré Áfíríkà jáde, ti rélùwéè tí wọ́n kọ́ sí Kenya. Obìnrin Ṣáínà kan kun ojú dúdú, ó di ìdí rọ̀gbọ̀dọ̀ mọ́ra, ó gbé èso rù, ọ̀bọ kan ń tẹ̀ lé e, adúláwọ̀ gidi ni wọ́n sì wọ awọ ọ̀bọ yẹn fún. Ó wá ń pariwo pé òun fẹ́ràn Ṣáínà. Àna yín rẹ́rìn-ín títí. Àbẹ̀kẹ́ wojú yín, ó bi yín bóyá bí màmá Ìbàdàn ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ bu dumpling sí i fún bàbá yẹn. Mo ń dúró kí ẹ dá ọmọ lóhùn tí àlejò bá lọ tán, ẹ kó abọ́ lọ sí kíṣìnnì.

Ó dáa. Mo ní èèyàn tó ń jẹun lọ́dọ̀ àna kò lè jà lórí tẹlifíṣọ̀n. Físà yín wà lọ́wọ́ ìyàwó yín, tó bá ní òun ò ṣe mọ́ lọ́la ẹ máa kó ẹrù, pẹ̀lú gbogbo ọdún tẹ́ ẹ ti lò níbẹ̀. Ẹ rántí bí inú yín ṣe dùn nígbà tí ìjọba wọn gbé òfin ìwé ìgbélùú yẹn jáde kí aráàlú wò ó, ìparí February 2020, tí wọ́n fẹ́ kó rọrùn díẹ̀ fún àlejò? Ẹ pè mí lóru. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan Weibo, Twitter tiwọn, ti gbiná, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ta ìlú fún àjèjì, àwọn ọmọkùnrin wọn ń búra pé àwọn máa dáàbò bo obìnrin àwọn lọ́wọ́ adúláwọ̀, ìjọba sáré sọ pé àwọn máa tún un wò. Ẹ ò pè mí lóru yẹn. Èmi ni mo pè yín.

Ibi tí mo ń bọ̀ náà nìyí. April ọdún yẹn. Wọ́n rí kòrónà lára ọmọ Nàìjíríà márùn-ún tí wọ́n ti jẹun ní ilé oúnjẹ kan ní Yuexiu, ó parí nìyẹn, gbogbo awọ dúdú di kòrónà. Èmi tí mi ò jáde ní Guangzhou láti kó tó di ọdún wọn, tí físà mi pé, tí mo ti san owó ilé sílẹ̀, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì fún mi kò sí nǹkan kan, lánlọ́ọ̀dù ṣì kó bàtà mi síta níṣojú ọlọ́pàá. Hòtẹ́ẹ̀lì wo ojú mi kí wọ́n tó rántí pé yàrá ti tán. Mo fẹsẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ yín torí kóòdù ìlera orí fóònù mi kọ̀ kò ṣí, wọn ò sì ní jẹ́ n wọ mẹ́tírò. Òjò ń ṣẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Ẹ jáde wá pẹ̀lú omi àti indomí nínú ọ̀rá. Mẹgáàdì yẹn, bàbá tó mọ̀ mí dáadáa, tó ti jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù mi rí, wò mí, ó wò yín, ó bi yín pé ta nìyí.

Ẹ ní kọ́sítọ́mà yín ni.

Ẹ ò wojú mi. Ẹ ní mo wá bèèrè ọjà, ẹ ti ọ̀rá yẹn gba àárín irin géètì, ẹ wọlé.

Mo mọ gbogbo àwíjàre ẹ̀, mo ti bá ara mi sọ ọ́ dípò yín. Tí mo bá wọlé wọ́n á ti gbogbo yín mọ́lé, wọ́n á fi áláàmù sẹ́nu ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe ń ṣe fáwọn yòókù, àwọn aládùúgbò á máa na ọwọ́ sí Àbẹ̀kẹ́. Mo mọ̀. Mi ò ní kí ẹ ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n tó bá ní "àbúrò mi ni, ṣùgbọ́n kò lè wọlé" ti ṣe é tán, ibi tí mo máa sùn náà ni màá sùn. Mẹgáàdì yẹn mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó mọ̀, ta wá lẹ ń pa á fún?

Abẹ́ bíríìjì ni mo sùn, pẹ̀lú àwọn ọmọ Ígbò kan àti ọmọ Togo kan. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin Ṣáínà kan ti gun kẹ̀kẹ́ wá bá wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó ní òun rí wa nínú gúrúùpù WeChat kan tí wọ́n fi ń wá àwọn tí wọ́n lé jáde. Ó pín ìbòmú àti búrẹ́dì fún wa, ojú ń tì í bí ẹni pé òun ló lé wa. Ọjọ́ kẹwàá April Gbajabiamila, tó jẹ́ Spíkà ilé aṣòfin wa nígbà yẹn, pe aṣojú Ṣáínà wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ ní Abuja, ó fi fídíò wa hàn án lórí fóònù, ara ẹ̀ ń gbóná. Mo ń wò ó níta, bátìrì mi ti fẹ́ẹ̀ kú. Mo ní Spíkà ò mọ̀ mí rí o, ó ń bínú nítorí mi. Ìgbà yẹn ni ẹkún gbọ̀n mí.

Láti ìgbà tí bàálù ti kó wa dé lópin May, ẹ ti fi owó ránṣẹ́, ẹ ti fi ọjọ́ ìbí kí mi, ẹ ò dárúkọ ọjọ́ yẹn rí. Àwọn tó wà nílé rò pé ẹ̀yin lẹ gbà mí sílé. Màmá máa ń gbàdúrà fún yín lórí ẹ̀, mo máa ń ṣe àmín.

Ọjà ò dáa, Bọ̀dá. Láti 2024 tí dọ́là kan ti fò kọjá náírà 1,500 mi ò rí kọ̀nténà pín mọ́, ìdajì ṣọ́ọ̀bù ni mo ń lò ní Balógun báyìí, ẹlòmíì ń ta báàgì ní apá kejì. Àwọn Ṣáínà ti ní wíáhàùsì tiwọn l'Ékòó, iye tí èmi fi ń rà ni wọ́n fi ń tà fún kọ́sítọ́mà mi. Àwọn ọmọ ọjà ti ń sọ pé kí ìjọba lé wọn lọ, wọ́n ní kémi sọ̀rọ̀ ní mítìn-ìn torí èmi mọ̀ wọ́n, èmi ti gbé níbẹ̀. Mo dìde, mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí, mo jókòó. Ẹ̀yìn ń dùn mí lóòótọ́ ṣá o, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti dé, dókítà ní kí n má máa ronú, owó ògùn gan-an sì ni mò ń ronú sí.

Kọ́lá náà ti rí sikọ́láṣíìpù gbà, yunifásítì kan ní Guangdong, September ló ń lọ. Bàbá tí kò lè san owó ilé ìwé nílé ò lè ní kí ọmọ má lọ. Ó ti ń kọ́ Chinese lórí fóònù, ó máa ń bi mí ní nǹkan, mo máa ń dá a lóhùn, inú ẹ̀ á dùn. Màmá ẹ̀ ní kí n pè yín pé kó kọ́kọ́ sùn lọ́dọ̀ yín kó tó wọ ilé ọmọ ilé ìwé. Ẹ mọ òfin wọn, láàárín wákàtí 24 ó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé lẹ máa mú un lọ, tẹ́ ẹ máa sọ ẹni tó jẹ́ sí yín. Ṣé ẹ máa lọ?

Ẹ má fèsì lórí WhatsApp ẹbí o, Màmá máa ń ní kí wọ́n ka gbogbo ẹ̀ sóun létí. Nọ́ńbà mi ò yí padà. Tí kò bá ní ṣeé ṣe, ẹ sọ fún mi lọ́sẹ̀ yìí, mi ò tíì san owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Àbúrò yín