Má Padà Sójú Ìjà, Bàbá Ìbejì

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo),
Oṣù Ọ̀wàrà, 2025.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá Ìbejì, mo sì kí àwọn ọmọ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí ohun tí o kọ sínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. O ní ọkùnrin kan tó máa ń ṣètò ìjà fún àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò àtijọ́ ní Marseille ti wá bá ọ pé kí o padà sójú ìjà, ìwọ tí o ti pé ọmọ ọdún 52, pé owó tí yóò san dára, àti pé ara rẹ ṣì le. O wá béèrè èrò mi. Èrò mi ni pé kí o má lọ. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, nítorí èmi ni mo máa ń dúró sí igun rẹ pẹ̀lú omi àti táwẹ̀lì nígbà èwe wa, ẹni tó bá sì ti dúró níbẹ̀ rí ti rí ohun tí òǹwòran kò lè rí láti orí àga rẹ̀.

George Foreman, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ará Amẹ́ríkà nì, ni o fi ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn, ìtàn ọkùnrin náà sì dùn ún gbọ́ lóòótọ́. Muhammad Ali nà án ní Kinshasa ní 1974, Jimmy Young tún borí rẹ̀ ní 1977, ó fi ìjà sílẹ̀, ó di oníwàásù ní Texas, ọdún mẹ́wàá sì kọjá kí ó tó tún wọ ìbọ̀wọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù Bélú 1994, ní Las Vegas, nígbà tó ti di ẹni ọdún 45, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé Michael Moorer lulẹ̀ ní abala kẹwàá, ipò olúborí àgbáyé tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú sì padà sí i lọ́wọ́. Nígbà tó kú ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá yìí, ìjà yẹn ni gbogbo ènìyàn tún ń sọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a wo bí ó ṣe padà. Láti 1987 tó ti bẹ̀rẹ̀, ọdún méje gbáko ló lò kí ó tó dé iwájú Moorer. Àwọn tí orúkọ wọn kò tó nǹkan ló kọ́kọ́ ń bá jà, tí àwọn oníròyìn ń fi í ṣẹ̀sín nítorí ikùn rẹ̀. Evander Holyfield borí rẹ̀ ní 1991, Tommy Morrison náà borí rẹ̀ ní 1993. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣẹ́gun Moorer gan-an, òun ló wà lẹ́yìn nínú ìwé àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ̀ṣẹ́ yẹn tó balẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń fi Foreman ṣe àpẹẹrẹ kì í rántí. Foreman kì í fi ẹsẹ̀ jà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti jẹ́ ẹni tí í dúró gbagidi, tí í máa tì ọ́ sẹ́yìn, tí í sì máa dúró de àyè tí yóò fi gbá ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ jà láti ìbẹ̀rẹ̀, ogbó kò rí ẹsẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ńkọ́, Bàbá Ìbejì? Ẹsẹ̀ ni o fi ń jà. Gbogbo àwọn tó mọ̀ wá ní Àjàṣẹ́ ló mọ̀ pé kí ọwọ́ alátakò tó dé ibi tí o wà, o ti kúrò níbẹ̀, o sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí imú rẹ ṣẹ́ rí. Bí o bá ń wá ẹni tí o lè fi ara rẹ wé, Ali ni kí o wò, kì í ṣe Foreman.

Ali ti fi ìjà sílẹ̀ fún ọdún méjì nígbà tó padà wá bá Larry Holmes jà ní oṣù Ọ̀wàrà 1980. Ẹni ọdún 38 ni, ó kéré sí ọ ní ọdún 14. Ó ti lo oògùn táírọ́ìdì, ìwọ̀n ara rẹ̀ sì ti wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá rí i níhòòhò àyà yóò rò pé Ali àtijọ́ ló padà dé. Ó tilẹ̀ ti pa irun funfun orí rẹ̀ dà di dúdú. Nígbà tí agogo lù, ẹsẹ̀ kò dáhùn. Holmes, tó ti jẹ́ ẹni tí ń bá a ṣe ìdánrawò rí, ń lù ú bí ẹni tí kò fẹ́ lù ú, ó tilẹ̀ ń wo ojú rẹfirí pé kí ó dá ìjà dúró. Lẹ́yìn abala kẹwàá, Angelo Dundee tó wà ní igun Ali ló sọ pé ó tó. Síbẹ̀ Ali tún lọ sí Nassau ní oṣù Ọ̀pẹ 1981, Trevor Berbick sì tún borí rẹ̀. Ní 1984 ni àwọn dókítà sọ pé àìsàn gbọ̀ngbọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní Parkinson, ti wà lára rẹ̀. N kò sọ pé ìjà méjì yẹn nìkan ló fà á. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ́ kan nínú wọn tó ṣe é láǹfààní.

O kọ̀wé pé nígbà tí o lu àpò ní gbọ̀ngàn ìdárayá, ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi so ó kọ́ dún, àwọn ọ̀dọ́ sì pàtẹ́wọ́. Mo gbà ọ́ gbọ́. Agbára ẹ̀ṣẹ́ ló máa ń kẹ́yìn nínú ohun tí ń fi oníjà sílẹ̀. Ojú tí ń rí ẹ̀ṣẹ́ bọ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ara tí ń gba ìyà mọ́ra. Àpò kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi gbẹ̀san, nítorí náà kò lè sọ èyí tó ti lọ fún ọ. Ìwọ náà wo Mike Tyson ní oṣù Bélú ọdún tó kọjá. Nínú fídíò ìdánrawò rẹ̀, bí ìgbà tí ìjì ń jà ni ó ń gbá ìbọ̀wọ́ olùkọ́ rẹ̀, ayé sì ń pariwo. Nígbà tó dé iwájú Jake Paul, ní ẹni ọdún 58, tí wọ́n ti dín abala kọ̀ọ̀kan kù sí ìṣẹ́jú méjì, tí wọ́n sì ti fi ìbọ̀wọ́ tó nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sí wọn lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ́ 18 péré ni wọ́n kà pé ó ba alátakò rẹ̀ nínú abala mẹ́jọ. Òun fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn ìjà náà pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní oṣù Òkúdu ọdún yẹn nítorí ẹ̀jẹ̀ tó dà lára òun.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni mo fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ gbọ́. Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ọpọlọ ènìyàn máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ nínú agbárí, àyè tó wà láàrin òun àti egungun orí sì ń gbòòrò sí i. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó gba àárín wọn kọjá yóò wá le gan-gan, ẹ̀ṣẹ́ tí kò ní ju orí fífọ́ lọ fún ọmọ ogún ọdún sì lè já ọ̀kan nínú wọn fún àgbàlagbà. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa sun sínú orí láìsí pé ojú ibì kan bẹ́. Ó lè gba wákàtí, ó sì lè gba ọjọ́ púpọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìwọ tí o ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, ibo ni yóò ti bá ọ?

O mọ aránṣọ kan ní Ògánlá tó padà sójú ìjà lẹ́yìn tí òun náà ti fi í sílẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Mo gbé ṣòkòtò lọ fún un láìpẹ́ yìí. Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó fi itọ́ ra òwú, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Òwú gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kọjá, ó tún gba ẹ̀gbẹ́ òsì kọjá. Nígbà tó yá, ó na méjèèjì sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ọmọ náà sì tì í bọ̀ ọ́ kíá, ó dá a padà fún un láìgbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ lọ́wọ́ mi, ó dé ibi tí ó yẹ kí ó ti dárúkọ rẹ, orúkọ náà kò sì wá. Ó ń fi ìka kan orí tábìlì títí mo fi bá a dárúkọ rẹ. Ẹni ọdún mélòó ni? Ìwọ náà mọ̀ pé kò fi bẹ́ẹ̀ jù wá lọ.

Mo mọ̀ pé owó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ilé tí ò ń kọ́ sí Kétu ti dúró lórí fèrèsé láti ọdún tó kọjá, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ìbejì sì ń gun orí ara wọn. Àwọn àgbà wa ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Joe Louis ní orúkọ ju ẹnikẹ́ni lọ: láti 1937 títí di 1949 ló fi wà nípò olúborí àgbáyé, ó sì fi owó ìjà tọrẹ fún àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Gbèsè owó orí ló lé e padà. Ezzard Charles borí rẹ̀ ní 1950, nígbà tó sì di oṣù Ọ̀wàrà 1951, Rocky Marciano lù ú gba àárín okùn jáde ní New York, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Gbèsè náà kò tán síbẹ̀. Ilé ìgbafẹ́ ńlá kan ní Las Vegas ló gbà á síṣẹ́ nígbẹ̀yìn, pé kí ó máa kí àwọn àlejò. Kí ilé Kétu dúró bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kò ní sá, òjò kò sì tíì wó ògiri náà. Èmi fúnra mi ni mo lọ wò ó.

N kò sọ pé kò sẹ́ni tó padà tí ó dára fún. Vitali Klitschko padà ní 2008, ó sì gba ipò lọ́wọ́ Samuel Peter, ọmọ Nàìjíríà. Manny Pacquiao bá Mario Barrios ta ọ̀mì ní oṣù Agẹmọ tó kọjá ní ẹni ọdún 46. Ṣùgbọ́n ìjà ni iṣẹ́ oòjọ́ àwọn wọ̀nyẹn, ọkọ̀ akẹ́rù ni tìrẹ. Azumah Nelson ti Ghana náà padà ní 2008 láti bá Jeff Fenech jà ní Australia, òun 49, ẹnìkejì 44, Fenech sì borí. Ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì ló ti wà nílẹ̀ láti 1991, ẹgbẹ́ ara wọn sì ni wọ́n. Ẹni tí wọ́n fẹ́ kí o bá jà kò tíì pé 40, ìwọ náà lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣètò ìjà náà mọ ohun tó ń rà lọ́wọ́ rẹ.

Bí gbọ̀ngàn ìdárayá bá ń wù ọ́, bẹ àwọn tó ni í kí wọ́n jẹ́ kí o máa kọ́ àwọn ọmọdé bí a ti ń gbẹ́sẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ mọ̀, kò sì yẹ kó bá ọ wọlé lọ. Owó rẹ̀ kò ní tó ti ìjà kan, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni yóò máa wá.

Bí o bá sì ti pinnu láti lọ, lọ ya àwòrán ọpọlọ rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, kí o ṣe àyẹ̀wò ojú, kí o sì béèrè bóyá dókítà àti ọkọ̀ ìtọ́jú pàjáwìrì yóò wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Má buwọ́ lùwé kankan kí o tó fi orúkọ ẹni tí yóò dúró sí igun rẹ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí n lè mọ̀ bóyá ó jẹ́ ẹni tó lè sọ pé ó tó nígbà tí ìwọ bá ń sọ pé kò tíì tó.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì dáadáa, kí o sì fi lẹ́tà yìí hàn án.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Bàbá Síkírátù.