Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Ń Já Wa Sí Mọ́níyà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún wọ ọkọ̀ ojú irin láti Alágọmejì ní Èkó wá sí Ìbàdàn. Ìrìn náà tuni lára, kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ní Mọ́níyà, lẹ́yìn ìlú, ni ìyà bẹ̀rẹ̀. Iye tó bá wu awakọ̀ Micra ló ń pè láti ibẹ̀ dé Dùgbẹ̀ láàárín ìlú, torí ó mọ̀ pé a ò ríbi yà sí. Ìyá àgbà kan dúró ti ẹrù rẹ̀ títí, kò rí ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ká. Ta ló jókòó sí ọ́fíìsì tó fọwọ́ sí i pé Mọ́níyà ni kí wọ́n máa já ará Ìbàdàn sí?

Nígbà tí rélùwéè kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, Dùgbẹ̀ ló dúró sí. Ẹnìkan lè ní ẹ̀yìn ìlú ni Dùgbẹ̀ wà nígbà náà. Òótọ́ ni, ọjà àti báńkì ló bá ojú irin lọ síbẹ̀. Ṣé ká wá fi ọgọ́rùn-ún ọdún mìíràn retí ìlú ní Mọ́níyà ni?

Kìlómítà 157 ni ojú irin tuntun yìí. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni Ààrẹ Bùhárí ṣí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín orúkọ fáwọn ibùdókọ̀ ṣáájú: Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, Akíntọ́lá ní Omi-Àdìó, Jákàǹdè ní Agbádó. Orúkọ ńlá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n Jákàǹdè yìí, tí ará Èkó dìbò yàn ní 1979, fẹ́ ṣe rélùwéè Metroline fún wọn, ìjọba ológun Bùhárí kan náà ló sì fagi lé e ní 1985. Orúkọ ara ògiri kì í gbé èrò délé.

Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo olóṣèlú ló ń ṣèlérí rélùwéè. Tí wọ́n bá wọlé tán, jíìpù onífèrè ni tiwọn. Mọ́níyà ni wọ́n ṣì ń já àwa sí.

Kò sí àwáwí mọ́. Láti oṣù kẹta 2023 ni àtúnṣe ìwé òfin ti yọ rélùwéè kúrò nínú ohun tí Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ti láṣẹ. Kí Ilé Aṣòfin Ọ̀yọ́ ṣòfin, kí ìjọba ìpínlẹ̀ bá Àbújá ṣàdéhùn lórí ojú irin àtijọ́ láti Omi-Àdìó wọ Dùgbẹ̀. Kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kékeré oníkóòṣì méjì tàbí mẹ́ta sí i, kó máa dúró de ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wa láti Alágọmejì dé Dùgbẹ̀. Àwọn tó bá ń tajà lẹ́bàá ojú irin ńkọ́? Kí wọ́n kọ́kọ́ wá àyè fún wọn, kí wọ́n má fi katakata lé wọn.

Kó tó dìgbà yẹn, kí bọ́ọ̀sì ìjọba máa pàdé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Mọ́níyà. Kí wọ́n tan iná sójú ọ̀nà náà pẹ̀lú.

Ẹni tó bá ń wá ìbò mi ní 2027, àbá òfin yìí ni kó mú wá.

Èrò ọkọ̀ ojú irin,
Ìbàdàn