Ẹ̀sùn lórí tíì elééfín tí ẹ pè ní ti Tongmu

Sí Ọ̀gá ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíì elééfín Lapsang Souchong oní-gíráàmù 100 tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa la fẹ́ bá yín sọ. Ẹ kọ ọ́ sára páálí pé abúlé Tongmu, lórí òkè Wuyi ní ìpínlẹ̀ Fujian ní Ṣáínà, ni wọ́n ti ṣe é, àti pé èéfín igi páìnì ni wọ́n fi yan án. Nígbà tí a kọ́kọ́ kọ̀wé pé ó korò, ó sì ń rùn bíi kẹrosíìnì, èsì yín ni pé bí tíì elééfín ṣe máa ń rí nìyẹn. Rárá o, kì í rí bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe bí a ṣe rẹ ẹ́ ló fà á. Gíráàmù 3 la wọ̀n sínú omi mìlílítà 150 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, a dé e fún ìṣẹ́jú 5, bí àwọn tó ń fi títọ́ tíì wò ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà ṣe ń ṣe é. A tún dín in kù sí gíráàmù 2 àti ìṣẹ́jú 2. Kíkorò rẹ̀ rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òórùn bíi kẹrosíìnì àti eérú tó ń ta ni lọ́fun kò kúrò.

Ní Tongmu, ilé onípákó alájà púpọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe tíì yìí. Iná páìnì á wà nísàlẹ̀, ooru àti èéfín á máa gba àlàfo pákó gòkè, ewé tútù á sì rọ lókè. Tí wọ́n bá ti lọ́ ọ, tí afẹ́fẹ́ sì ti sọ ọ́ di pupa, wọ́n á dín in nínú agbada gbígbóná, kí wọ́n tó dá a padà sínú èéfín láti gbẹ. Èéfín á wọ inú ewé gan-an, bó ṣe ń wọ inú ẹja tí wọ́n fi igi yan. Ẹ da omi lé e lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn oje páìnì á ṣì wà níbẹ̀, adùn bíi ti èso longan gbígbẹ á sì kù lẹ́nu lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e mì.

Tiyín ńkọ́? A ṣí páálí lásán, òórùn gba gbogbo ilé. Omi kìíní, èéfín nìkan. Omi kejì, kò sí èéfín mọ́, ó kàn tẹ́ lẹ́nu. Omi tútù tí a fi ṣan ewé gbígbẹ gba òórùn náà lójú ẹsẹ̀, epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì léfòó lórí rẹ̀. Lójú tiwa, òórùn èéfín inú ìgò ni wọ́n fọ́n sí i lára. Ewé tó yẹ kó jẹ́ odindi, tín-ín-rín, kó sì yọ àwọ̀ bàbà tó bá rẹ, ẹ̀rún àti eruku ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Eruku yẹn ló ń tú kíkorò jáde kíákíá.

Títa tíì tí wọ́n yan níbòmíràn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Waishan Xiaozhong làwọn ará Ṣáínà ń pè é, ó sì ní àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ kàn má gba owó Tongmu lé e lórí.

Ẹ dá owó wa padà, kí ẹ sì sọ ilé tí wọ́n ti ṣe ẹrù náà. Níwọ̀n bí ẹ ti ń tà á ní Yúróòpù, ẹ fi èsì àyẹ̀wò kẹ́míkà tó ń jẹ́ anthraquinone nínú rẹ̀ hàn wá pẹ̀lú, mìlílígíráàmù 0.02 nínú kílò kan ni òfin ibẹ̀ fàyè gbà, èéfín sì máa ń fi í sílẹ̀ lára ewé. Èyí tó kù wà nínú agolo tí a dé pinpin, lọ́tọ̀, kí òórùn rẹ̀ má bàa ran tíì mìíràn. Ẹ sọ ibi tí ká fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ lè tọ́ ọ wò fúnra yín.

Àwa oníbàárà yín