Àbẹ̀kẹ́, má tíì gbé ológìnní yẹn lọ Akóbọ̀

Mókọ́lá, Ìbàdàn
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo rí fídíò tí o fi ránṣẹ́ lánàá. Ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣé ológìnní ló jókòó sórí àga yẹn ni àbí ìyá ọkọ. Mo rí bó ṣe ń fi ara nù ọ́ lẹ́sẹ̀. Mo sì ka abọ́ tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ: mẹ́ta.

O ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń wá. Ìwọ ń fún un lẹ́ja, ìyàwó yàrá kejì ń bu mílíìkì fún un, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lókè ń fún un ní Indomie. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́ lórúkọ mẹ́ta, ó sì ń jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀rín pa mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní bí o bá ń kó lọ sí Akóbọ̀ níparí oṣù, o máa gbé e sínú páálí bá ẹrù rẹ lọ, torí pé kò lẹ́ni tó ni ín, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi.

Ta ló sọ fún ọ pé kò lẹ́ni tó ni ín?

Ìwé ni mo kọ, mi ò pè ọ́. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní "Bàbá, mo ti gbọ́" kí n tó sọ ìdajì. Ọmọ iṣẹ́ mi ló máa mú un wá lọ́la pẹ̀lú ọ̀rá kékeré kan. Ka ìwé yìí tán kí o tó tú ọ̀rá náà.

Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ kejì kí ẹ̀yin tí ẹ jọ wà nínú ọgbà kan ṣoṣo tó mọ̀ pé gbogbo yín lẹ jọ ń bọ́ ọ. Bó bá lè mú un jẹ fún yín bẹ́ẹ̀ nínú ilé kan, kí ni kò ní ṣe ní òpópónà kejì? Ológìnní a máa jẹun lójúde mẹ́rin, á lọ sùn ní ìkarùn-ún, gbogbo ojúde mẹ́rin á sì máa búra pé ebi ì bá ti pa á kú bí kì í bá ṣe tàwọn. Pé ó ń ké lẹ́nu ọ̀nà rẹ kò sọ pé kò jẹun láàárọ̀. Pé ó sanra náà kò sọ nǹkan kan mọ́, ẹ̀yin lẹ bọ́ ọ yó. Ohun kan péré ni fídíò yẹn fi hàn mí. Ológìnní tí èèyàn kò tọ́ dàgbà kì í fi ara nu èèyàn lẹ́sẹ̀, kì í jókòó sórí àga. Ẹnì kan ló kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ. Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ní 1988, kí a tó bí ọ, Yemẹtu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Èkúté kò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n jẹ léèsì oníbàárà kan, wọ́n dá ihò sí i láyà gan-an, bẹ́ẹ̀ ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan. Mo san léèsì yẹn títí ojú mi fi pọ́n. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ológìnní kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Abo ni, dúdú, ó ní funfun láyà, orí ìrù rẹ̀ sì ká kọ́rọ́ bí èyí tí ilẹ̀kùn ti há rí. Mo ní Ọlọ́run ló rán an sí mi. Mo fún un ní panla, mo gbé omi fún un. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú ṣọ́ọ̀bù kó lè máa bá mi ṣọ́ aṣọ.

Àbẹ̀kẹ́, ẹran yẹn ké. Àwọn tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù sọ fún mi láàárọ̀. Kò fẹnu kan panla. Ó fi èékánná ha abẹ́ ilẹ̀kùn títí ọ̀dà fi bó kúrò lára igi. Mo ní yóò mọ́ra tó bá yá. Mo tún tì í mọ́bẹ̀ lálẹ́ kejì àti lálẹ́ kẹta, ojúmọ́ pàápàá mi ò jẹ́ kó jáde.

Ìyá kan ń ta èlùbọ́ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ìwọ ọmọ Ìbàdàn mọ̀ pé eléélùbọ́ tí kò bá ní ológìnní, èkúté ni yóò bá a pín èrè. Ìyá yìí jáde láàárọ̀, ó ń bi ojúlé dé ojúlé pé ṣé wọn ò bá òun rí músù òun. Ó dé ọ̀dọ̀ mi. Mò ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Mi ò gbójú sókè. Mo ní mi ò rí i.

Ó lọ. Ẹran náà sì wà lẹ́yìn àpótí aṣọ mi nígbà náà, ó ti ké títí ohùn rẹ̀ fi há, kò ké mọ́. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa ni mo tó rí ọmú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wú, irun ti pá yí ibi tí ọmọ ti ń mu ún ká, omi ọmú ń kán sórí sìmẹ́ǹtì. Mo ṣílẹ̀kùn. Kò wẹ̀yìn. Ó gba abẹ́ tábìlì ìyá tó ń ta ata kọjá, ó fo odi, ó di yàrá tí ìyá eléélùbọ́ ń kó ọjà sí. Ọmọ mẹ́rin ló bí sẹ́yìn àwọn àpò. Méjì ti kú.

Ìyá náà kò pariwo. Ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, èlùbọ́ ṣì wà lápá rẹ̀ méjèèjì, ó wo gbogbo aṣọ tí mo fi kọ́ sára ògiri. Ó ní, "Télọ̀, gbogbo aṣọ wọ̀nyí, ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń béèrè ẹni tó ni wọ́n?" Ó kó ìró àti bùbá rẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Kò gbé aṣọ wá fún mi mọ́ títí mo fi kó kúrò ní Yemẹtu.

Nítorí náà, bí ó bá ti ń jẹun lọ́la, bẹ̀rẹ̀ kí o wo abẹ́ ikùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ abo tí ọmú rẹ̀ wú bí mo ṣe júwe rẹ̀ yìí, ọmọ wà níbì kan. Má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, oru kan péré. Jẹ́ kó jẹun tán kó lọ, kí o sì fojú sin ibi tó bá gbà.

Bó bá jẹ́ akọ, tàbí abo tí kò lọ́mọ, ó ṣì ku ìbéèrè. Ewúrẹ́ tó ń rìn káàkiri ìlú yìí, olówó rẹ̀ ti gé e létí tàbí kó so àkísà mọ́ ọn lọ́rùn. Òròmọdìẹ, wọ́n á fi àwọ̀ pa á lára kí àṣá àti aládùúgbò má baà ṣì í mú. Ológìnní nìkan ni a kì í sàmì sí. A gbà pé ó mọ ilé. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rí i ni bíbéèrè ń bẹ lọ́rùn rẹ̀.

Má kàn béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ ń bọ́ ọ o, ohun tí o mọ̀ ni wọ́n mọ̀. Lọ bá àwọn tó ń jókòó sójú kan látàárọ̀ dalẹ́: fọkanáísà, mọ́là tó ń ta tíì, ìyá oníbọ̀ọ̀lì, ẹni tó ń ta gàrí àti èlùbọ́. Bi àwọn ọmọdé pẹ̀lú. Ọmọdé ló mọ orúkọ ẹran àdúgbò, àgbàlagbà kì í wolẹ̀. Agbowó sì ni o wà, òdìkejì géètì Yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ti lọ sílé fún ọlidé kó gbé ológìnní rẹ̀ ti ọ̀rẹ́, kó dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kó bá òfìfo. Bí o bá fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp àdúgbò, ó dára, ṣùgbọ́n má fi gbogbo ara rẹ̀ hàn. Mo rí i pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ní àmì. Fi ìyẹn pamọ́. Ẹni tó bá ní òun ló ni ín, bi í pé ẹsẹ̀ wo ni, irú àmì wo ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ láàfin baálẹ̀ nìyẹn.

Ìyàwó onílé yín tó sọ pé àjẹ́ ni ológìnní náà, má bá a jiyàn. Èmi kò tíì rí àjẹ́ tó ń jẹ Indomie rí. Àmọ́ ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ lọ́kàn lè da omi gbígbóná lù ú lọ́jọ́ tí o bá wà níbi iṣẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò gba ìfàfàlẹ̀. Kí o sì bi gbogbo ọgbà bóyá ẹnì kan ń fi ọta-píàpíà pa èkúté. Èkúté tó jẹ májèlé lè pa ológìnní tó bá pa á jẹ.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹ dá mílíìkì yẹn dúró. Inú ọ̀pọ̀ ológìnní tó ti dàgbà kì í gba mílíìkì, ìgbẹ́ gbuuru ló ń kó bá wọn, omi lásán ló tó fún un. Indomie tí wọ́n fi àlùbọ́sà sè, kí àwọn ọ̀dọ́ òkè yẹn jẹ ẹ́ fúnra wọn, àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ológìnní jẹ́. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kí àánú má ṣe ẹnikẹ́ni débi tí yóò fi fún un ní parasítámọ́ọ̀lù. Hóró kan lè pa á. Kí ẹ sì rántí pé bí ẹni tó ni ín bá ń po oògùn mọ́ oúnjẹ rẹ̀ nílé, tí ẹ̀yin ti fi ẹja bọ́ ọ yó, yóò kọ oúnjẹ, oògùn á sì bá a lọ.

Èyí tó ká mi lára jù, ìdí fídíò lo sọ ọ́ sí bí ẹni ń ṣeré: pé ó ha ọmọ ìyàwó yàrá kejì lápá. Digbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Ológìnní náà ń ní in, ó sì ń kó o ran èèyàn bó bá gé e jẹ tàbí tó ha á débi tí ara fi bó. Bí àìsàn náà bá ti fojú hàn lára èèyàn, ikú ló sábà ń já sí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá tètè gbà lẹ́yìn ìgéjẹ ń dènà rẹ̀. Sọ fún ìyá ọmọ náà kó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la, kó má ṣe sọ pé ojú ọgbẹ́ ti jinná. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn, kí wọ́n fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí wọ́n sì lọ lọ́jọ́ náà. Kò sí àgúnmu, kò sí epo pupa níbẹ̀. O rí i pé ìdí mìíràn tó fi yẹ kí a rí ẹni tó ni ín nìyẹn. Òun ló lè sọ bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ digbòlugi.

Bí oṣù bá parí tí ẹ ti béèrè títí tí ẹnikẹ́ni kò yọjú, mi ò ní kí o fi sílẹ̀ fún ìyàwó onílé. Gbé e sọdá títì lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Bi wọ́n nípa iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, torí oyún ológìnní kò ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, yàrá rẹ ní Akóbọ̀ kò sì gba agbo ilé. Bí ẹ bá débẹ̀, sé e mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó máa jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gbìyànjú àtirìn padà sí Agbowó, ojú ọ̀nà ni mọ́tò yóò sì ti pa á.

Wàyí o, tú ọ̀rá yẹn.

Ọ̀já ọrùn ni. Ègé àńkárá tó ṣẹ́kù lára aṣọ ìyá rẹ ni mo fi rán an, mo fi funfun sí inú kí ìwé lè hàn. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni: "Ṣé ẹ ni mí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe nọ́mbà yìí." Má ṣe so ó le, kí ìka rẹ méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀. Òwú tín-ín-rín kan péré ni mo fi dè é níbi tí ẹnu rẹ̀ ti pàdé, ìdí rẹ̀ ni pé bí ìṣó tàbí wáyà orí ògiri bá kọ́ ọ, kó já kó má baà yín in lọ́rùn. Má ṣe fi abẹ́rẹ́ rẹ tún un rán kó lè lágbára, mo mọ̀ ọ́. Mẹ́ta ni mo rán, torí ó dájú pé yóò já kan nù. So ó mọ́ ọn lọ́rùn nírọ̀lẹ́ kí o jẹ́ kó lọ síbi tó ń lọ.

Nọ́mbà tèmi ni mo kọ sí i, kì í ṣe tìrẹ. O kì í gbé fóònù bí o bá wà níbi iṣẹ́. Fóònù mi yóò wà lórí máṣìnnì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo sì ti sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kó má ṣe bá mi gbé e. Bí ẹnikẹ́ni bá pè láti bi mí bóyá mo rí ológìnní òun, èmi fúnra mi ni n ó dá a lóhùn.

Ìyá rẹ kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ